A Kì Í Ka Àárín

Wọ́n ti paná bàbá tó wà níwájú wa kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ láti gba fìtílà wọn padà lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n sì kó gíláàsì òfìfo méjì lé e lọ́wọ́. Bàbá náà ṣì ń wo ògiri. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó pàdé. Ṣebí gbogbo yín lẹ rí i pé ó pàdé."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo àwa tí a tò sínú Gbọ̀ngàn Ìpàdé la rí i. Iná bàbá pupa, ti ọmọ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìlà wọn sì tò lọ lára ògiri láti àárín títí dé etí. Níbì kan, pupa bọ́ sórí ewé, àwọn méjèèjì di àwọ̀ ìyeyè. Afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò wo ibẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni bàbá ní kí ó wò, ibẹ̀ sì rèé, pupa wà lọ́tọ̀, ewé wà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ Ojúméjì kì í yẹjú wo ẹ̀gbẹ́. Ibi tí o bá ní kí ó wò ni yóò wò.

Ìyáàfin Adégbìtẹ́, òṣìṣẹ́ tó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ka ìdájọ́ fún wọn láìgbé ojú sókè. "Wàláà yín sọ pé ìlà kẹfà ọmọ àti ìlà karùn-ún bàbá. Iná yín kò pàdé níbẹ̀. Ẹni tí iná jẹ́ tirẹ̀ mọ ibi ìpàdé rẹ̀, olè ni kì í mọ̀ ọ́n. Ẹ máa bá ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ."

Olè kẹ̀. Olè tó bá lọ síléèwé díẹ̀ yóò ṣírò rẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, kò ní í làágùn. Ẹni tó ṣe òfin náà kò ronú dé ibẹ̀, tàbí ó ronú dé ibẹ̀ tí kò kàn án. Bàbá àti ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ní Abẹ́-Ọyẹ́ nísàlẹ̀ yìí, ẹ̀rọ omi kì í ṣí fún ẹni tí kò fi iná hàn án. Ilẹ̀kùn ilé rẹ gan-an kò ní í mọ̀ ọ́. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn, mo sì ń ṣe é bíi pé mi ò wò wọ́n.

Màámi di apá mi mú. "Kí ni wọ́n ṣe fún wọn?"

"Wọ́n paná wọn, Màámi."

"Áà." Ikọ́ gbà á, ó tẹ̀ ba, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, eruku pupa wà nínú aṣọ ìnujú rẹ̀. Ó yára ká a kí n má baà rí i, bẹ́ẹ̀ mo ti rí i.

Ohun tó mú mi sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Atẹ́gùn nìyẹn. Ọyẹ́ tó wọlé láyé àwọn ìyá Màámi kò lọ mọ́. Nígbà àtijọ́, wọ́n ní oṣù mélòó kan ló máa ń lò, ètè á bó, ara á funfun, òjò á sì dé. Èyí jókòó ni. Ó bo oòrùn, ó wọ inú àyà ènìyàn, ó ń gbé ibẹ̀. Orí òkè nìkan la ti ń mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò níbẹ̀, ọdún yìí ni wọ́n sì tó fún mi ní àyè ẹnì kan ṣoṣo, kí n mú òbí mi gòkè. Dókítà tó gbọ́ àyà Màámi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní bí ó bá ṣì wà nísàlẹ̀ ní ìparí ọdún, kí n má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Àyè kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ bá gbà wá, Màámi á máa mí. Bí kò bá gbà wá, wọ́n á pa iná àwa méjèèjì, pípa tèmi kò sì ní í mọ sórí èmi nìkan. Àbẹ̀ní ọmọ mi wà lókè lọ́dọ̀ aládùúgbò. Kò tíì ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Lára iná mi ni wọ́n ti gé tirẹ̀, nítorí náà bí tèmi bá kú, kò sẹ́ni tí iná tirẹ̀ yóò bá pàdé mọ́, wọn yóò sì gbé e lọ sí Ilé Aláìlẹ́nìkan. N kò tíì rí ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde tó rántí orúkọ rẹ̀.

Mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ bàbá yẹn nínú ọkàn mi. Kẹfà àti karùn-ún. Mo padà ka ìlà tó wà lórí ògiri bí mo ṣe rántí rẹ̀, ibi tó ti di ìyeyè. Karùn-ún àti kẹrin ni. Ọ̀kan péré ló fi lé e. Mo wá rí i bí ó ṣe ṣe é, mo sì yíjú sí Màámi.

"Màámi, kí lẹ fẹ́ sọ fún akọ̀wé ní fèrèsé?"

"Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ ni. Àbí o ti gbàgbé oríkì ara rẹ lókè lọ́hùn-ún?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń kì mí láàárín àwọn tó tò sẹ́yìn wa:

"Àyọ̀ká, oníná aró,
Karùn-ún tìrẹ, kẹrin tèmi,
Ibẹ̀ la ti pàdé,
Ibẹ̀ la ò ti ní í ṣẹ́ ara wa."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni. Ọjọ́ kẹjọ rẹ, tí wọ́n gé iná rẹ lára tèmi, tí wọ́n tàn án sára ògiri. Ìyá mi gbé ọ lọ́wọ́, mo ń fi ìka kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Karùn-ún aró tìrẹ ló bọ́ sórí kẹrin ọsàn tèmi. Ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀. N kò tíì rí nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí."

"Níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà?"

Ó wò mí bí ẹni wo òpè. "Níbo ni wọ́n tún ti ń bẹ̀rẹ̀? Àárín ni. Ìlà àárín ni ení."

Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wí. Gbogbo àgbà Abẹ́-Ọyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà. Mo ní, "Màámi, òfin kì í ka àárín. Òfo ni wọ́n ń kà á sí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní kìíní."

"Irọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, ṣé a kì í kà á mọ́ ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni? Bí a bá ná ọjà lónìí, tí a ní ọrún la ó tún ná an, ṣé òní kọ́ ni ení? Ìwọ Àyọ̀ká, wọ́n ti kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ lórí òkè yẹn."

Mo na ọwọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára òkúta, mo sì kà á fún un, nítorí ojú rẹ̀ kì í mú nǹkan tó jìnnà mọ́. *Àárín kì í ṣe ẹ̀rí. Àlejò pàápàá ń pàdé níbẹ̀.*

Mo ní, "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí iná tí kì í bá iná mìíràn pàdé ní àárín, ìbáà jẹ́ ti ọ̀tá. Nítorí náà wọn kò kà á."

Màámi gbójú sókè sí òkúta náà. "Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń pàdé," ó ní, "ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé kò jẹ́ nǹkan kan?"

Mo tú fìtílà kúrò lọ́rùn mi, mo gba tirẹ̀ náà, mo dojú wọn délẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n lu ìwọ̀n gígùn ìgbì iná kọ̀ọ̀kan sí ìdí rẹ̀. Tèmi jẹ́ irínwó lé àádọ́ta. Tirẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀ta. Eruku bo bẹ́ǹṣì náà, mo sì fi ìka kọ ìṣirò sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ mi.

"Ẹ wò ó, Màámi. Ìgbì tiyín gùn ju tèmi lọ, nítorí náà ìlà tiyín jìnnà síra ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ ká ní àgbà kan àti ọmọdé kan jọ gbéra lẹ́nu ilẹ̀kùn kan. Ẹsẹ̀ àgbà gùn, ti ọmọ kúrú. Ẹsẹ̀ kan ọmọ, irínwó lé àádọ́ta. Ẹsẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ẹ̀kẹta, egbèje dín àádọ́ta. Ẹ̀kẹrin, ẹgbẹ̀sán-án. Ó yá, àgbà ńkọ́?"

Ó tẹ́jú mọ́ eruku náà. "Ẹgbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀fà." Ó ronú. "Ẹgbẹ̀sán-án."

"Ẹ rí i. Ọmọ gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, àgbà gbé mẹ́ta, wọ́n bá ara wọn níbì kan náà. Bí ẹ bá sọ fún ẹ̀rọ pé karùn-ún àti kẹrin, tèmi yóò ti dé ẹgbọ̀kànlá lé àádọ́ta, tiyín á ti dé ẹgbẹ̀jìlá. Wọ́n ti ṣi ara wọn."

"Ṣùgbọ́n ògiri ìgbà yẹn kò jìnnà báyìí. Ilé Iná ni wọ́n ti tàn án fún wa, inú yàrá kékeré kan. Ṣé ìyẹn kò ní yí i padà?"

Ìbéèrè gidi ni, inú mi sì dùn díẹ̀, àkókò tí kò yẹ kí inú ènìyàn dùn. "Bí wọ́n bá sún ògiri sẹ́yìn, ìlà á fẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá fún ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì tí iná ń gbà kọjá mọ́ra, á tún fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí tèmi bá ṣe fẹ̀ ni tiyín náà á ṣe fẹ̀. Ẹ̀kẹrin ọmọ kò ní yẹ̀ lórí ẹ̀kẹta ìyá rẹ̀."

Ó tún wo eruku náà fún ìgbà pípẹ́. "Ẹnu ilẹ̀kùn kì í ṣe ẹsẹ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ó dáa. Kẹrin àti kẹta ni n ó sọ." Ó nu bẹ́ǹṣì náà mọ́ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Àmọ́ oríkì rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò ní dùn lẹ́nu mọ́."

Òfin ní ẹni tó fẹ́ gòkè nìkan ni yóò sọ̀rọ̀ ní fèrèsé, kí ọmọ má baà fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Mo dúró lẹ́yìn ìlà òòró tí wọ́n kùn sílẹ̀, mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lu òǹtẹ̀ fún bàbá àárọ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, oníwà pẹ̀lẹ́, wọ́n kọ Lámidí sí igbá àyà rẹ̀. Ó bi Màámi ní nǹkan kan. Màámi fọwọ́ lu àyà, ó ń ṣàlàyé. Ó tún bi í ní nǹkan. Màámi gbé àgbọ̀n sókè, ó fèsì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ wàláà, ó lu òǹtẹ̀. Màámi ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Mo ní nínú ara mi pé a ti bọ́.

"Ọmọlúàbí ni ọkùnrin yẹn o," Màámi wí. "Irú wọn kò pọ̀ mọ́. Ó béèrè bóyá èmi fúnra mi ni mo ka ìlà náà. Mo ní ta ni ì bá tún kà á, ìgbà tí kì í ṣe òun ló bímọ fún mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti bá mi tún un ṣe."

"Ó tún kí ni ṣe?"

"N kò bi í. Ènìyàn ṣe ọ́ lóore, o tún ń wádìí ẹ̀?"

"Màámi, ṣé ẹ sọ fún un pé a ti yọ àárín kúrò nínú rẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ máa sọ ìyẹn fún? Kí ó lè máa rò pé n kò mọ ìlà ọmọ mi?"

Pátákó tó wà lókè tàn kí n tó lanu. Orúkọ wa ló gbé jáde. *Àyọ̀ká, ìlà kẹta. Ìyá rẹ̀, ìlà kejì.*

N kò nílò eruku mọ́ láti ṣírò ìyẹn. Ẹ̀kẹta tèmi, egbèje dín àádọ́ta. Èkejì tirẹ̀, ẹgbẹ̀fà. Wọn kò súnmọ́ ara wọn rárá.

Mo rọ́ lu fèrèsé. Lámidí ń fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ dé. Nígbà tó rí ojú mi, ó fọwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe?"

"Àbúrò mi, rọra. Mo ràn yín lọ́wọ́ ni. Gbogbo àgbà tó ń wá síbí ló ń ka àárín. Kò sí èyí tí kì í kà á. Ọjọ́ tí èmi bá wà níbí, mo ń yọ ọ̀kan fún wọn, mo ń dákẹ́. Àwọn tí wọ́n bá bá ẹlòmíràn ní fèrèsé ni wọ́n ń paná wọn."

"Ó ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ó wò mí.

"Kẹrin àti kẹta ló tọ̀nà. Òun ló sọ fún yín."

"Mo bi í," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ló kà á fúnra òun."

"Òun ló kà á. Èmi ni mo yọ ọ́."

Àwa méjèèjì ń wo ara wa láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kò sí ẹni burúkú láàárín wa. Ohun tó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Ká ní ìkà ni ọ̀kan nínú wa, Màámi ì bá ti gòkè.

Mo ní kí ó lọ bá Ìyáàfin Adégbìtẹ́, kí ó jẹ́wọ́. Omi dé ojú rẹ̀. "Bí mo bá jẹ́wọ́, gbogbo wàláà tí ọwọ́ mi ti kàn ni wọ́n máa fagi lé. Àwọn ìyá, àwọn bàbá, wọn á kó gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Ti ìyá tìrẹ náà wà nínú rẹ̀, kò sì sí àyè kejì fún un. Bí mo bá mọ̀ pé yóò gbà á là, n ó ṣe é. N ó ṣe é, mo fi Ọlọ́run búra." Mo gbà á gbọ́. Ì bá tilẹ̀ sàn kí n má gbà á gbọ́, kí n rí ẹni tí n ó bínú sí.

Wọ́n pè wá.

Ìyáàfin Adégbìtẹ́ gba fìtílà wa, ó tì wọ́n bọ ẹ̀yìn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí. Ó pa iná gbọ̀ngàn. Ìlà àárín ló kọ́kọ́ yọ, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà aró bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ, ọsàn ń tò tẹ̀ lé e, òkùnkùn wà láàárín wọn. Òrùka pupa kan tàn sára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti la ojú. Orí ìlà kẹta tèmi ló jókòó sí. Nínú òrùka náà, aró nìkan ló wà.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyáàfin," Màámi wí. "Ojú mi kì í mú nǹkan jíjìn. Ẹ jẹ́ kí n súnmọ́ ọn."

Obìnrin náà mi orí pé kò burú. Màámi wọ́ ẹsẹ̀ lọ síwájú, ó fi ìka lé àárín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ, bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ni. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún." Ìka rẹ̀ dúró. Lábẹ́ rẹ̀, aró àti ọsàn ti bọ́ sórí ara wọn, wọ́n funfun, wọ́n pọ́n díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ. Ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí i lójú. Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo ti rí ojú yẹn kẹ́yìn.

"Àyọ̀ká, wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Mo rí i, Màá." N kò lè pe ọ̀rọ̀ náà parí.

Ìyáàfin Adégbìtẹ́ ka òfin. Ẹni tó wá láti òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi. Bí ó bá ní òun mọ ẹnì kejì, ẹ̀rọ á la ojú. Bí ó bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, yóò gba iná rẹ̀ padà láàyè, kò sì ní í lè pe ẹni náà gòkè mọ́ títí ayé. Wọ́n á wá bi ẹnì kejì. Bí ẹnì kejì bá takú pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ á la ojú fún òun nìkan, bí iná kò bá sì pàdé níbi tí wàláà wí, wọ́n á pa tirẹ̀.

"Àyọ̀ká. Ṣé o mọ ẹni yìí?"

Mo ń wo ìka Màámi lórí ìlà funfun yẹn. Mo ro Àbẹ̀ní, bí ó ṣe máa ń gbé fìtílà rẹ̀ kékeré súnmọ́ tèmi kí ó tó sùn, tí á ní kí n bá òun wá ibi tí wọ́n ti pàdé lára ògiri. Mo wá ọ̀nà kẹta. Mo wá a títí, bí ènìyàn ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti tú síta tán. Kò sí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àwọn àgbà ló sọ ọ́, èmi sì ríran dáadáa. Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, a ó jọ ṣòfò, àwa mẹ́ta. Bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni.

Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Ẹnì kan lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. Ìlà funfun náà kò parẹ́. Ó wà níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ń pè mí ní onírọ́.

Màámi kò yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yí i padà, kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ìgbà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí n kò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ojú mi nìkan ni mo lè lò. Mo gbé e kúrò lára rẹ̀, mo gbé e sórí òrùka pupa náà, mo fi í síbẹ̀.

Ó tẹ̀ lé ojú mi. Ó rí òrùka. Ó wo ìka ara rẹ̀, ó rí bí ó ti jìnnà sí i tó. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka nǹkan kan sínú. Mo mọ ìgbà tó yé e, nítorí ó wo apá fèrèsé lọ́hùn-ún, ó sì mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá ọbẹ̀ rẹ̀ nù láìmọ̀ọ́mọ̀.

"Màmá," Ìyáàfin Adégbìtẹ́ wí, "ọmọbìnrin yìí ní òun kò mọ̀ yín. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ikọ́ fẹ́ gbà á, ó gbé e mì. Ó wá ń fa ọwọ́ rẹ̀ padà lára ògiri, díẹ̀díẹ̀, ó ń kọjá lórí àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kà wọ́n mọ́. Nígbà tó dé àárín, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ sì bo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu, Ìyáàfin," ó ní. "N kò mọ̀ ọ́n. Àárín nìkan la ti pàdé."

Wọ́n dá iná oníkálukú padà fún un. Tèmi ṣì gbóná nígbà tí mo fi kọ́ ọrùn, tí mo wọ àpótí agòkè, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé. Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ bí a ti ń gòkè lọ. Mo ń gbọ́ ọ títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.